Orí Igi Tí Àpá Rẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Ọ̀tún

São Paulo,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2003.

Bàbá mi,

Ẹ bùkún fún mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé òjò ti rọ̀ ní Riacho do Umbu, àbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ ṣì fi ń pọnmi? Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti Kérésìmesì ni mi ò ti kọ̀wé, ẹ ó sì ti máa sọ fún gbogbo àdúgbò pé São Paulo ti gbé ọmọ yín mì. Kò gbé mi mì o. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni kò gbọ́ tèmi mọ́.

Níbi tí mo ti ń ránṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì á kàn bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi: mo fẹ́ sọ pé "òwú", ẹnu mi á sọ pé "iyọ̀". Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n ya àwòrán inú orí mi. Bàbá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Kókó kan wà nínú ọpọlọ mi.

Wọ́n máa yọ ọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n ní mi ò ní sùn. Wọ́n á ṣí orí mi, èmi á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, kí wọ́n má baà gé e mọ́ kókó.

Mo ti kúrò ní yàrá tí mo háyà. Casa Girassol ni mo wà báyìí. Ẹgbẹ́ kan ló ni ilé náà, àwọn tó ní irú àrùn yìí tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, wọn ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo fi ẹ̀dà àwòrán orí mi sínú lẹ́tà yìí, kí ẹ má baà rò pé irọ́ ni mo ń pa. Ohun funfun tó rí bí ẹyin àparò yẹn ni.

Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ẹni Mímọ́ Fransísì pé bó bá yọ mí, mo máa gbé orí tí wọ́n fi igi gbẹ́ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Canindé bí gbogbo èèyàn wa ti ń ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa gbẹ́ ẹ. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá?

Ọmọ yín,
Doralice

Riacho do Umbu,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta.

Dora ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run bùkún fún ọ, kó sì fún ọ lọ́gbọ́n tí wàá fi máa kọ̀wé sí baba ẹ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ọpọlọ.

Mo jókòó gẹ́gẹ́ bó o ṣe wí. Mi ò tètè dìde.

O mọ òfin mi. Láti ìgbà tí mo ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá mi ni mo ti ń gbẹ́ ẹsẹ̀, ọwọ́, ọmú àti orí fún àwọn tí ẹni mímọ́ bá wò sàn. Ẹni mímọ́ á kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, èmi á wá ṣe tèmi. Nígbà tí Zefinha oníkọfí ní kí n gbẹ́ orúnkún sílẹ̀ de òun, mo ní kó máa lọ sílé, pé a kì í fi ẹ̀bùn ti ẹni mímọ́ lẹ́yìn bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kọ̀ tí ò rìn. Ó dáa, bá mi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí lẹ́tà ẹ dé ni mo gé igi imburana tó wà lẹ́yìn àgọ́ ewúrẹ́, mi ò sì lè dúró. Orí náà ti ń yọ. Mo gbé àwòrán náà sójú fèrèsé kí oòrùn lè gba inú ẹ̀ kọjá, mo rí ohun funfun yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo fi ọ̀bẹ fa àpá sí ọ̀tún orí igi, lókè etí, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún, kí ẹni mímọ́ má baà ṣì í.

Mo mọ kókó nínú igi. Tó bá le jù, ọ̀bẹ la fi ń yí i ká. Sọ fún dókítà yẹn pé kó yí i ká.

Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tó ń fún ọ lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí? Ẹni tó ń bọ́ ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́, ọjọ́ àjọ̀dún ló ń wò. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Baba ẹ,
Aprígio

São Paulo,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin.

Bàbá mi,

Ẹ bùkún fún mi. Mo ka lẹ́tà yín sókè nínú yàrá, Ivanilda ní kí n tún un kà. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé yàrá. Acre ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ wọ̀ kó tó rí bọ́ọ̀sì. Òun náà ní kókó nínú orí. Tèmi, ọwọ́ ọ̀tún ni kò lágbára. Tiẹ̀, ọwọ́ òsì ni. Tí wọ́n bá ní ká bó ẹ̀gẹ́ ní ilé ìdáná, èmi á fọwọ́ òsì di ẹ̀gẹ́ mú, òun á fọwọ́ ọ̀tún lo ọ̀bẹ. Dona Benvinda ní èèyàn kan ṣoṣo ni wá, pé òun ò mọ ìdí tí òun fi ń gbé abọ́ oúnjẹ méjì fún wa.

Dona Benvinda ló dá ilé yìí sílẹ̀. Mo bi í bí ẹ ṣe ní kí n bi í. Mo ní, "Bàbá mi ní kí n bi yín, ọjọ́ àjọ̀dún wo lẹ fẹ́ pa wá?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó wá mú mi lọ wo fọ́tò ọmọkùnrin kan lára ògiri. Ọmọ rẹ̀ ni, Otávio. Irú kókó yìí ló pa á. Nígbà àìsàn náà, orí àga ọsibítù ni ìyá ń sùn torí pé ọ̀nà ilé wọn jìn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní òun ò fẹ́ kí ìyá mìíràn sùn sórí àga mọ́, ló bá ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀. Aṣọ àlòkù tí àwọn èèyàn bá kó wá ni wọ́n ń tà níwájú ilé. Nínú ohun tó bá wọlé, wọ́n á fi kan bọ́ wa, wọ́n á sì fi ìyókù ran àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn yìí lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò. Ṣòkòtò àlòkù àti bùláòsì tí kò ní bọ́tìnì ló ń wá ìdí ohun tí gbogbo àgbáyé ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Mo dúró níbi tí wọ́n to aṣọ sí, mo kàn ń wò ó.

Wọ́n bi mí bóyá mo lè jẹ́ kí àwọn oníwàádìí mú kókó náà tí wọ́n bá yọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni iṣẹ́ abẹ. Dókítà Tanabe tó máa ṣe é ní kí n wá ohun kan tí mo mọ̀ dunjú, ohun tí mo lè máa sọ láìronú. Bí ẹ ṣe ń gbẹ́ orí ni mo yàn.

Ọmọ yín,
Dora

Riacho do Umbu,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún.

Dora,

Kí Ọlọ́run bùkún fún ọ. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Tẹlifóònù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ti bàjẹ́ láti ìgbà tí màlúù ti fara ha á. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ lẹ́tà bá ń bọ̀ ni mò ń jáde, dírẹ́bà náà ti ń sá fún ojú mi. Kọ̀wé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣẹ́ kù sí ọ lórí, kọ ọ̀kan yẹn.

Baba ẹ

Riacho do Umbu,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún.

Dora,

Zefinha ní orí igi náà jọ ọ́ jù, pé imú ẹ gan-an ni mo gbẹ́ síbẹ̀. Mo ti yí i kọjú sí ògiri. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn.

Mi ò bínú mọ́ nípa Kérésìmesì. Mi ò bínú nípa ohunkóhun.

Aprígio, baba ẹ

São Paulo,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún.

Bàbá mi,

Ẹ bùkún fún mi. Mo wà láàyè. Ẹ máà jẹ́ kí ìkọ̀wé yìí já yín láyà, ọwọ́ Ivanilda ni, àmọ́ ẹnu mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ọwọ́ mi ṣì wúwo. Ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó padà tán, mi ò sì fẹ́ kọ lẹ́tà tí kò lórí tí kò nídìí sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n sùn, ìgbà tí wọ́n ti ṣí orí mi tán ni wọ́n jí mi. Kò dùn mí. Mò ń sọ fún wọn nípa yín. Mo ní, "Bàbá mi kì í gé igi tó bá ṣì ń sunkún oje. Á fi èékánná kàn án, á…" Ọ̀rọ̀ bá tán. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà ló ṣófo. Mo gbọ́ tí Dókítà Tanabe sọ pé, "A ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn." Ó gbé ọwọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ sì padà dé bí ìgbà tí wọ́n bá tanná: "á gbé etí sí i, kó gbọ́ bó ṣe ń dún."

Bàbá, èèyàn ẹlẹ́ran ara fọwọ́ kan ibi tí ẹ ń gbé nínú orí mi, ó sì rọra yẹra fún yín. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

Dókítà náà tún bi mí pé, "Dora, ṣé bàbá ẹ kì í fi ọ̀bẹ gé ara ẹ̀?" Mo ní, "Ẹnu ẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ẹ̀ lọ, ẹ̀yin dókítà." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, tí orí mi wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Fọ́tò wà nínú lẹ́tà yìí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ lè rí àpá náà. Ivanilda lẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọmọ yín,
Dora

Riacho do Umbu,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà.

Dora,

Mo kúnlẹ̀ lójú títì nígbà tí lẹ́tà náà dé, tí dírẹ́bà ń wò mí. Mo dúpẹ́. Mo pe Zefinha, mo gbé fọ́tò ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí igi kí ó lè rí i. Ìgbà yẹn ni mo wá wò ó dáadáa.

Etí tí wáyà ọgbà ya nígbà tó o wà lọ́mọdé ni mo rí lábẹ́ àpá yẹn. Etí òsì. Èmi ni mo fọwọ́ mi di etí náà mú títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé etí ọ̀tún ni. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni ohun funfun yẹn wà nínú àwòrán tó o fi ránṣẹ́. Mo tún gbé e sójú fèrèsé. Zefinha wò ó. Àlùfáà wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Apá ibi tí kò sí nǹkan ni wọ́n là, ọmọ mi. Kókó náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣé mi ò sọ fún ọ? Wọ́n ń fi ẹ̀rín tan ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ba orí ẹ jẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ọ́ mọ́. Mo ti bá oníbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, mò ń bọ̀ wá mú ọ. Kí dókítà yẹn dúró dè mí.

Baba ẹ

São Paulo,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà.

Bàbá mi,

Ẹ bùkún fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bọ́ọ̀sì. Kókó náà ti lọ. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan: ẹ gbé orí igi yẹn kalẹ̀, kí ẹ jókòó síwájú rẹ̀ kó kọjú sí yín. Ọwọ́ wo lára yín ni etí òsì rẹ̀ wà?

Bí àwọn dókítà ṣe ń wo àwòrán nìyẹn. Ńṣe ni wọ́n ń wò ó bíi pé wọ́n dúró síbi ẹsẹ̀ aláìsàn tó kọjú sí wọn. Òsì mi, ọ̀tún yín. Ẹ̀yin wò ó bí ẹni tó gbé igbá sáyà tó ń wo inú ẹ̀ látòkè. Ọwọ́ ọ̀tún mi tó ń já sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ gan-an ṣe ẹ̀rí fún wọn. Dókítà Tanabe ní ọpọlọ apá òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ti ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì. Àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ wọn kọjá lórí ara wọn níbi ọrùn wa bí igi àgbélébùú. Nígbà tí mo sọ ẹ̀sùn yín fún un, mo rò pé á bínú. Ó ní kí n kí yín, pé òun fẹ́ kí gbogbo bàbá máa wo àwòrán ọmọ wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí mo ní láti sọ. Dona Benvinda kó wa lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí, kí àwa tí kókó jẹ́ tiwa lè rí ibi tí aṣọ àlòkù ń lọ. Ọmọbìnrin kan ní kí n fi ojú sí awò kan tó ń sọ nǹkan wẹ́wẹ́ di ńlá. Ó ní, "Dora, tìẹ nìyí." Bàbá, ó wà láàyè. Inú àwo pẹrẹsẹ kan báyìí ló wà, wọ́n ń fún un lómi àti oúnjẹ, ó ń ta ẹ̀ka, kò mọ̀ pé òun ti kúrò lára mi. Wọ́n á da oògùn kan sí i lónìí, wọ́n á da òmíràn sí i lọ́la, láti mọ èyí tó máa pa á, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa fún ẹlòmíràn. Mo rò pé màá kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí, irú èyí tó máa ń bà mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí gbogbo èèyàn bá dákẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n ní gbòǹgbò rẹ̀ lè ṣẹ́ kù, pé ó lè padà. Wọ́n á máa ya àwòrán mi lóòrèkóòrè. Ìdí tí mo fi gbà kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ yín,
Dora

Riacho do Umbu,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà.

Dora ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run bùkún fún ọ. Mo jókòó síwájú orí náà. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi, ó kan etí òsì rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbẹ́ ojú tó kọjú sí mi, mo sì lọ ṣi àwòrán ọmọ ara mi wò. Mo rẹ́rìn-ín títí Zefinha fi sáré wọlé, lẹ́yìn náà mo sunkún. Bá mi bẹ dókítà. Sọ fún un pé àgbàlagbà ni mí, ojú fèrèsé ló tàn mí.

Ohun tó fẹ́ pa ọ́ ni wọ́n ń bọ́ nínú àwo! Mo bínú sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo rí ara mi tí mò ń gbàdúrà pé kí oògùn tó máa pa á tètè yọjú nítorí ọmọ ẹlòmíràn, mo bá mọ̀ pé Dona Benvinda ti mú èmi náà. Wọ́n ti pa mí lọ́jọ́ àjọ̀dún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Èmi tí mo ń lé àwọn èèyàn padà, èmi ni mo gbẹ́ orí kí oore tó dé. Mo sì kun ọ̀dà pupa sí ọ̀tún. Mo ti gbàdúrà lé e, mo ti fi han ẹni mímọ́ pé ibí ni kó fọwọ́ kàn. Ibi tí mo tọ́ka sí kọ́ ni àìsàn ẹ wà. O ní gbòǹgbò lè ṣẹ́ kù. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo darí ọwọ́ ẹni mímọ́ gba ibòmíràn? A kì í dá iná sun orí tá a ti fi jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mi ò lè pa àpá yẹn rẹ́, mi ò sì lè fa èkejì sí òsì, irọ́ nìyẹn. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Kí ni kí n ṣe?

Baba ẹ

São Paulo,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje.

Bàbá mi,

Ẹ bùkún fún mi. Mo ka lẹ́tà yín sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ pé ibi tí ẹ tọ́ka sí kọ́ ni àìsàn mi wà, Ivanilda gbé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀, lókè etí ọ̀tún. Ó wá ní, "Dora, bàbá ẹ ò ṣi ibi tọ́ka o. Ibi tèmi nìyẹn."

Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kò lágbára látìgbà tá a ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́, àmọ́ mi ò rò ó débẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ tiẹ̀. Kò ní bàbá, odò ló gbé e lọ kí Ivanilda tó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ nǹkan kan dè é níbì kankan. Ó ní kí n bi yín bóyá orí tí wọ́n gbẹ́ fún ẹlòmíràn lè jẹ́ tòun. Ó ní kí n má fi dandan lé e. Síbẹ̀, ó ti kó ìbọ̀sẹ̀ mi pamọ́ títí dìgbà tí ẹ bá dáhùn.

Ọmọ yín,
Dora

Riacho do Umbu,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje.

Ivanilda ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run bùkún fún ọ. Dora, ìwọ náà gbọ́, àmọ́ ẹnì kejì ẹ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Orí náà tìẹ ni. Ìgbà tí mò ń rò pé ọmọ mi ni mò ń gbàdúrà fún, ìwọ ni mò ń fi han ẹni mímọ́, tí mi ò mọ orúkọ ẹ. Mo ti jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkàn mi ò tíì gbé ohun tó tóbi tó báyìí rí. Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ mi.

Ojú Dora ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ kó o máa gbé ojú olójú kiri. Igi kì í hù padà lábẹ́ ọ̀bẹ. Èyí tá a bá ti gé, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n imú ìdílé wa tóbi, tìẹ sì kéré, mo rí i nínú fọ́tò. Ọlọ́run mọ̀ pé n óò ṣàṣìṣe, ló bá fún wa ní imú tó tó gé kù. Mo ti gé e. Mo ti dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kù, mo sì fi ẹ̀rín ẹ sí i lẹ́nu. Àpá pupa yẹn nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn.

Dá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi padà.

Baba yín,
Aprígio

São Paulo,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá Aprígio,

Ẹ bùkún fún mi. Ivanilda ni, ọwọ́ mi ni mo fi kọ èyí, ẹnu mi ló sì ti wá, Dora ń yọjú wò ó lẹ́yìn mi.

Tèmi náà ti jáde. Ní tèmi, wọn ò ní kí n sọ ìtàn, ọwọ́ òsì ni wọ́n ní kí n máa ṣí kí n máa pa, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ̀gẹ́ ni mo rò pé mo dì mú. Dókítà Tanabe bi mí bóyá mo ní ẹbí tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Mo ní mo ní bàbá ní Riacho do Umbu. Ó ní, "Èyí tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì wá bá mi jà?" Mo ní òun ni.

Mo ti fún àwọn oníwàádìí ní tèmi náà. Ó wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Dora. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó máa padà sí èyíkéyìí nínú wa.

Dókítà gbà kí á rìnrìn àjò ní ìparí oṣù yìí. Ṣé a lè wá?

Ọmọ yín,
Ivanilda

Riacho do Umbu,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run bùkún fún yín. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹni tó ni orí ló ń gbé e dé Canindé, mi ò lè bá yín gbé e. Zefinha ti rán aṣọ tí àwọn tó ń lọ san ẹ̀jẹ́ máa ń wọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti gbẹ́ ti Dora, bó ṣe yẹ lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn oore: àpá wà ní òsì, imú sì wà níbẹ̀ ní odindi. Ẹ ní kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó máa padà. Èmi náà ò mọ̀. Ẹni mímọ́ kì í ta ọ̀la fún wa, èyí tó ti ṣe la máa lọ dúpẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Dona Benvinda pé mò ń gbẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Otávio. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kú kì í ní orí ní Canindé. Kì í ṣe fún Canindé, ara ògiri ilé yín ni kó gbé e kọ́.

Orí ẹ̀yin méjèèjì wà lórí tábìlì. Mi ò kọjú wọn sí ògiri mọ́, ẹnu ọ̀nà ni mo kọjú wọn sí.

Baba yín